Ajá Igbaruku Tó Fẹ́ Lọ sí Òkè Òkun: Kí Ló Yẹ Ká Ṣe Kó Tó Wọ Bàálù?

Bí ọmọ Igbaruku tó ń gbé ní Peckham tàbí ní Houston bá wálé fún ọdún Kérésìmesì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ rí ajá kan tó ti rù kan egungun, tó ń ṣa egungun ẹja jẹ lábẹ́ tábìlì olóúnjẹ, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi sọ pé kí bàbá wọn jẹ́ káwọn mú un lọ. Ọ̀rọ̀ àánú ni, kò sì yẹ kí àgbà fi ṣe ẹ̀rín. Àwọn òyìnbó tí iṣẹ́ gbé wá sí Èkó àti Àbújá náà ń ní irú èrò yìí. Nílẹ̀ Yúróòpù, ó ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ pé kí ẹbí kan ní London tàbí ní Jámánì gba ajá ìgboro tọ́ láti Romania, láìtíì fojú kàn án rí. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni bóyá ó yẹ kí á máa ṣe é láti ilẹ̀ tiwa, àti pé bó bá yẹ, báwo ni. Èrò tèmi ni pé ó ṣeé ṣe, òfin sì gbà á láyè, ṣùgbọ́n àánú tó bá mọ sórí ajá kan ṣoṣo kò tíì débi tó yẹ kó dé. Ohun tí ìlú òyìnbó ń bèèrè lọ́wọ́ ajá kan yẹn kó tó lè wọlé, òun gan-an ni gbogbo ajá tó kù ní Igbaruku ń fẹ́, tí wọn kò rí gbà.

Ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ajá náà kò ní olówó lóòótọ́. Ní London, ajá tó bá ń dá rìn láìsí okùn lọ́rùn ti sọnù ni, ìjọba ìbílẹ̀ á sì wá gbé e. Nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, níbi tí Igbaruku wà, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sin ajá. Àárọ̀ ni ajá ń jáde, á tẹ̀ lé ọmọdé dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, á yà sọ́jà, á bá bàbá lọ sóko iṣu tàbí oko kajú, ilẹ̀ á ṣú kó tó padà wálé. Àwọn tó ti ṣèwádìí lórí ajá káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ti rí i léraléra pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń rìn kiri ló ní ilé tí wọ́n ń sùn àti ẹni tó ń jù oúnjẹ sí wọn. Ọdẹ tó ń lé ọ̀yà kò lè ṣe kó má ní ajá, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ tí ọ̀bọ ń jẹ àgbàdo rẹ̀. Ajá tí ìyá àgbà kan sọ ní Tanímọ̀la, tó fi ń pòwe mọ́ aládùúgbò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń pè é wá jẹun, lè ní ẹ̀yi lára, kí egungun ìhà rẹ̀ sì ṣeé kà, síbẹ̀ ajá ilé ni. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ sínú mọ́tò láìbéèrè, olè ló jà, bó ti wù kí àánú tó ń ṣe é pọ̀ tó. Ẹnu ọ̀nà baálé ni gbígba ajá tọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìkíni àti ìbéèrè, láti agbo ilé kan dé èkejì, títí tí gbogbo àdúgbò á fi fẹnu kò pé ajá náà kò ṣe ti ẹnikẹ́ni. Irú wọn wà: ọmọ ajá tí wọ́n lọ dà sẹ́bàá ọ̀nà, ajá tí olówó rẹ̀ ti kú tí àwọn ẹbí kò fẹ́, abo ajá tí wọ́n lé jáde nítorí pé ó ń bímọ láìdáwọ́dúró. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wa bá wí.

Kí ló dé tí ìlú òyìnbó fi ń wo ajá tó ti Nàìjíríà wá tìfuratìfura? Dìgbòlugi ni. Inú itọ́ ajá tó ti kó àrùn náà ni kòkòrò rẹ̀ máa ń wà, ojú ọgbẹ́ tí eyín ajá dá sí ara ló sì máa ń gbà wọlé. Kò gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bí ibà. Àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ló ń tọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí á fi dé orí. Ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí àmì tó hàn lára ènìyàn, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì lè tó ọdún kan. Ajá náà lè ti máa tú u jáde nínú itọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé ìwà rẹ̀ ti yí padà, òun ló fà á tí wọ́n fi ń ní kí á ṣọ́ ajá tó gé ènìyàn jẹ fún ọjọ́ 10. Bí àmì bá ti yọ lára ènìyàn, kò sí oògùn tó ṣeé gbára lé mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ó ń pa ènìyàn bí 59,000 lọ́dún, ilẹ̀ Éṣíà àti Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ wọn wà, ajá ló sì ń kó o ran nǹkan bí 99 nínú 100 wọn. Nínú àwọn tí ajá afurasí ń gé jẹ, 40 nínú 100 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Nílẹ̀ Yorùbá gan-an, àwọn ìbátan kòkòrò yìí wà lára ẹranko ìgbẹ́: ní 1956 wọ́n rí ọ̀kan lára àdán ní Erékùṣù Èkó, wọ́n sì fi orúkọ Èkó pè é; ní 1968 wọ́n rí òmíràn lára asín nítòsí Ìbàdàn, Mokola ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn méjèèjì yìí wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé títí dòní. Kì í ṣe àlá lásán ni ìlú òyìnbó lá tó fi ń bẹ̀rù.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n ti lé dìgbòlugi jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ṣùgbọ́n nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ ní 1918, àwọn ọmọ ogun tó ń darí bọ̀ láti ojú ogun fi ajá pamọ́ wọlé, àrùn náà sì bẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó di 1922 kí wọ́n tó rẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ajá tó bá wọn sùn nínú kòtò, tó jẹ nínú oúnjẹ wọn, ni wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ohun kan náà tó ń ṣe ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Igbaruku ló ṣe wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba wọn gbójú lé ìyàsọ́tọ̀: gbogbo ajá tó bá ń bọ̀ láti ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ wà ní àhámọ́ fún oṣù mẹ́fà gbáko. Síbẹ̀ ní 1969, ajá kan tí ẹbí ológun kan mú bọ̀ láti Jámánì lo oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé, wọ́n tú u sílẹ̀, kò sì ju bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí dìgbòlugi fi bẹ́ sí i lára ní Camberley. Ẹ̀kọ́ tí ìyẹn kọ́ni ni pé àhámọ́ nìkan kò tó, nítorí pé àrùn tó lè fara pamọ́ fún oṣù méje kò bìkítà fún àhámọ́ oṣù mẹ́fà. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ètò ìrìnnà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2000 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́, àti ìdúró lẹ́yìn àyẹ̀wò náà.

Ètò yẹn ló ṣì wà títí dòní fún ajá tó bá ti Nàìjíríà lọ, ó sì dára ká tú u palẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Microchip ló ṣáájú, ohun tíntín bíi hóró ìrẹsì tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ ọrùn ajá, tí nọ́ńbà 15 wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, nígbà tí ajá bá ti pé ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán. Bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ kí microchip tó wọlé, òfin kà á sí pé wọn kò gún un rárá, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ajá yìí ni wọ́n gún, kì í ṣe ìkejì rẹ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí, ààbò tó wà nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí 0.5 IU nínú mìlílítà kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá. Ajá tó bá gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ 2 oṣù Kìíní kò lè fẹsẹ̀ kan London kí oṣù Karùn-ún tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni oògùn aràn, tí dókítà ẹran gbọ́dọ̀ fún un láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó gúnlẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìlera àti òǹtẹ̀ àjọ NAQS tó ń ṣọ́ ẹnu ibodè wa lórí ọ̀rọ̀ ẹran àti ohun ọ̀gbìn. Bí olówó ajá kò bá rìnrìn-àjò láàárín ọjọ́ márùn-ún sí ìgbà tí ajá rìn, tàbí tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń mú ajá lọ fún, ọjà ni òfin kà á sí, ìlànà ọjà sì le ju èyí lọ fíìfíì. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ajá tí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè wọlé, èyí tó bá sì ti orílẹ̀-èdè tí dìgbòlugi ajá pọ̀ sí wá, tó jẹ́ pé níbẹ̀ ló ti gba abẹ́rẹ́, gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan nínú àwọn pápá ọkọ̀ òfurufú díẹ̀ bíi ti Atlanta tàbí JFK ní New York, níbi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n á sì tún un gún.

Ẹni tó bá ka èyí tán á rí i pé ìsinmi Kérésìmesì kò tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń lò nílé. Ajá á lo oṣù mẹ́rin ó lé, ó kéré tán. Ta ló máa tọ́jú rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn? Ìbéèrè yìí ló tóbi jù lọ, òun ni wọn kì í sì í béèrè. Láti Igbaruku, ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ sí Erúkù sí Òmù-Àrán ni ẹni tó ń wá dókítà ẹran tó ní gbogbo irinṣẹ́ máa gbà dé Ìlọrin, níbi tí Yunifásítì ti ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹran. Ìrìn ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ajá náà gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà tó ní ilẹ̀kùn, kí ajá mìíràn má ráyè gé e jẹ nígbà tí abẹ́rẹ́ kò tíì mú un lára dáadáa. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tú etí rẹ̀ wò lójoojúmọ́, kó máa la ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sí méjì-méjì, kó máa yọ eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó tó wú bíbí níbẹ̀. Iṣẹ́ ni. Ó yẹ kí wọ́n san owó rẹ̀ fún ọmọ ìyá tàbí aládùúgbò tí wọ́n bá gbé e lé lọ́wọ́, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi ajá há a lọ́rùn lórúkọ ẹbí.

Ibi tí sùúrù ti ń tán ni irọ́ ti ń wọlé. Àwọn kan á ní ajá náà ń jìyà, pé ọ̀nà àbùjá tó bá lè gbé e kúrò níbẹ̀ kíá ló dáa jù, pé ìwé kò ju ìwé lọ. Mo gbà pé ìyà ń jẹ ajá. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ọ̀wọ́ ajá àti ológbò kan tí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú kó láti Íjíbítì gúnlẹ̀ sí JFK. Ọ̀kan nínú àwọn ajá náà, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá, ní dìgbòlugi, ìwé àjẹsára tó fi wọlé sì jẹ́ ayédèrú. Àwọn tó fọwọ́ kàn án ní láti lọ gba abẹ́rẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ní 2004, ọmọ ajá kan tí wọ́n fi mọ́tò gbé láti Mòrókò gba Sípéènì kọjá dé Bordeaux láìgba abẹ́rẹ́ kankan, dìgbòlugi ló pa á, gbogbo gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé sì wà nínú ìpayà, wọ́n ń wá ẹnikẹ́ni tí ajá náà ti lá lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ló tún ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láti Azerbaijan lọ́tẹ̀ yìí. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ ajá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 100, Nàìjíríà wà lára wọn. Ẹ rò ó wò: ẹni tó fi ayédèrú ìwé gba ajá kan là, gbogbo ajá ilẹ̀ Áfíríkà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló dí ọ̀nà mọ́. Ìdúró oṣù mẹ́ta yẹn kì í ṣe ìwà ìkà sí ajá. Ó jẹ́ àkókò tí àrùn tó bá ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó gba abẹ́rẹ́ yóò fi fojú hàn, kó má lọ fojú hàn nínú yàrá tí ọmọdé ń sùn.

Àwọn mìíràn ń sọ pé ajá ilẹ̀ wa kò lè gbé nínú òtútù, pé ikú la ń mú un lọ pàdé. Ìtàn fi ohun tó yàtọ̀ hàn. Ní 1895, wọ́n mú ajá ìbílẹ̀ méjì láti ìhà Kóńgò lọ sí ibi àfihàn ajá Crufts ní London, irú èyí tí wọ́n ń pè ní basenji lónìí. Àwọn méjèèjì kú láìpẹ́. Àrùn distemper ló pa wọ́n, òtútù kọ́. Nígbà tí wọ́n tún gbìyànjú ní nǹkan bí ọdún 1929 àti ní àwọn ọdún 1930, àrùn yẹn kan náà tún ṣọṣẹ́, kó tó di pé ìran wọn fìdí múlẹ̀. Ìran ajá yẹn wà káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà títí di ìsinsìnyí, ó ń rìn nínú yìnyín. Abẹ́rẹ́ tó ṣeé gbára lé ti wà báyìí, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ajá Igbaruku lọ láìgba ti distemper àti ti parvo mọ́ ti dìgbòlugi, bí òfin kò tilẹ̀ béèrè wọn. Ohun tí ara ajá wa ní, àwọn ajá òyìnbó kò ní in. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà wò jábọ̀ pé àyípadà wà nínú àbùdá kan tó jọ pé ó ń bá wọn ja àwọn kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ olóoru. Oore ni fún ajá náà, àmọ́ ó lè gbé kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kiri láìsí àmì lára rẹ̀, kí eégbọn gbà á lára rẹ̀ fún ajá aládùúgbò tí kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, ní Harlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ajá tí kò fi ìlú sílẹ̀ rí kó irú àrùn eégbọn bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rìn kiri. Nítorí náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àrùn eégbọn àti fún aràn inú ọkàn yẹ kó wáyé nílé kí ajá tó gbéra, kí dókítà ẹran tó máa gbà á lọ́hùn-ún sì mọ̀ pé Nàìjíríà ló ti wá.

Àtakò tó le jù kò ti ọ̀dọ̀ dókítà wá. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ló ti ń wá, ó sì tọ́ ká fetí sí i: ẹ̀gbọ́n kan ti bẹ̀bẹ̀ fún fíìsà lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò fún un, àmọ́ ajá tí wọ́n rí lójú títì ti gba ìwé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí àwọn ènìyàn ń há mọ́ ẹnu ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfurufú Kabul ní Afghanistan, bàálù kan kó ajá àti ológbò tó lé ní 150 lọ sí London láti ilé ìtọ́jú ẹran tí sójà Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ rí kan dá sílẹ̀, gbogbo ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì jiyàn lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìbínú yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá kọ́ ló gba àyè ẹ̀gbọ́n. Òfin tó ń lé ọmọ ènìyàn padà burú ní ààyè tirẹ̀, kí wọ́n sì máa bá a jà ní ààyè rẹ̀. Fífi ajá sílẹ̀ kó kú kò ní sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tó rí fíìsà gbà. Ohun tí mo gbà gbọ́ nínú àtakò náà ni ti owó. Owó microchip, abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò, àpótí àti ẹrù bàálù fún ajá kan kì í ṣe kékeré, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rèé, ẹrù ni ajá tó bá gba òfurufú wọlé, kì í ṣe èrò inú ọkọ̀. Bí gbogbo owó yẹn bá lọ sórí ajá kan, tí àwọn ajá tó bá a jẹun lọ́jà yẹn wà bí wọ́n ṣe wà, a ti gba ẹ̀mí kan là, ọmọ tí dìgbòlugi lè pa ní Igbaruku kò sì rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀.

Ohun tó sì yẹ kó fún wa níṣìírí ni pé dìgbòlugi ajá ṣeé lé lọ. Bí 70 nínú 100 ajá ìlú kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kì í rí ibi gbà kọjá mọ́. Mexico ṣe é lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2019 Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i pé ajá kì í fi dìgbòlugi pa ènìyàn níbẹ̀ mọ́. Ní N'Djamena, olú ìlú Chad, aládùúgbò wa, wọ́n gún ajá ìlú náà ju 70 nínú 100 lọ ní 2012 àti 2013, àrùn náà sì dáwọ́ dúró fún oṣù bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ló padà wá, nítorí pé ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ ń ti ìta wọlé. Ọ̀rọ̀ London gan-an nìyí, tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Bí London ṣe ń bẹ̀rù ajá Igbaruku, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí Igbaruku máa bẹ̀rù ajá tí a kò mọ ibi tó ti wá. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kó ajá láti àríwá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, ní Oǹdó, ní Kàlàbá àti níbòmíràn, láìsí abẹ́rẹ́, láìsí ìwé. Àwọn oníwàádìí tó yẹ ọpọlọ ajá wò lójú ìpa-ẹran ní Nàìjíríà ti rí kòkòrò dìgbòlugi nínú àwọn tó ń rìn, tó ń jẹ, tí ara wọn dà bí ẹni pé ó le. Ìrìn tí kò ní abẹ́rẹ́ àti ìdúró nínú ni ewu, yálà bàálù ni wọ́n fi rìn ín tàbí ọkọ̀ akẹ́rù.

Wọ́n á ní iṣẹ́ ìjọba ni kí wọ́n gún ajá ìlú. Iṣẹ́ ìjọba ni lóòótọ́, ìjọba ìbílẹ̀ Yagba West àti ti Ìpínlẹ̀ Kogi kò sì gbọdọ̀ sinmi lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran tó wà ní Vom láti 1924 ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ajá nínú orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n kúkú máa yin ajá tó ń rìn kiri níbọn. Wọ́n ti gbìyànjú ìyẹn ní ọ̀pọ̀ ìlú, kò sì ṣiṣẹ́, nítorí pé ìbọn kò mọ èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò gbà, àyè tó bá ṣófo, ajá mìíràn tí kò gba nǹkan kan á wá dí i. Títẹ abo àti akọ lọ́dàá ló ń dín iye wọn kù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdún púpọ̀ ni. Ní báyìí, ohun tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ lórí ẹni tí ajá bá gé jẹ ni pé kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n má fi epo pupa tàbí ẹ̀tù sí i, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má ṣe di ọ̀la.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ajá tí kò ní olówó náà lọ, bó bá jẹ́ pé wọ́n lè dúró fún oṣù mẹ́rin, tí wọ́n ní ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì múra tán láti gbé pẹ̀lú ajá tó lè máa sá fún ọkùnrin tó ní ọ̀pá lọ́wọ́ fún ọdún kan lẹ́yìn tó bá dé. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò bá sí, kí wọ́n wá ilé gidi fún un ní Igbaruku, kí wọ́n máa fi owó oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí ó wù kí wọ́n ṣe nínú méjèèjì, dókítà ẹran gbọ́dọ̀ wá gún un. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó wá nítorí ajá kan ṣoṣo. Kí wọ́n ti sọ fún baálé, fún pásítọ̀ àti fún ìmáàmù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ra abẹ́rẹ́, kí wọ́n fi yìnyín tì í sínú kúlà kó má bà jẹ́. Kí àwọn ọmọdé fi okùn fa ajá ilé kọ̀ọ̀kan wá sí pápá ilé ìwé, àwọn ọdẹ náà kí wọ́n kó tiwọn wá kí wọ́n tó lọ sígbó. Owó mọ́tò láti Ìlọrin kò yí padà, ì báà jẹ́ ajá kan ló wá gún tàbí ọgọ́rùn-ún.